Ráútà OpenWrt yín ń fà? Ibi tí mo máa ń wò kí n tó bú wáífáì

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń pààrọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ipa tí wáífáì ń gbà lójú afẹ́fẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Tanke, Ìlọrin. Láti 1 lọ sí 6, láti 6 lọ sí 11, mo tún padà sí 1, àwọn stúdẹ́ǹtì tó wá tẹ projẹ́ẹ̀tì jókòó tì mí tí wọ́n ń wo ojú mi, dátà tí mò ń sanwó 40 Mbps fún, 7 péré ló ń yọ lórí fóònù. Kò sí èébú tí mi ò bú wáífáì ọ̀hún. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó wọ inú ráútà, mo tẹ dmesg tó ń fi àkọsílẹ̀ inú ráútà hàn, mo bá rí ìlà kan báyìí:

wan: Link is Up - 10Mbps/Half

Eré wáyà tó ń wọlé ti já sí 10, ọ̀rọ̀ wáyà ni o! Kápẹ́ńtà tó wá tún férémù ilẹ̀kùn ṣe ló gbá ìṣó mọ́ wáyà tó gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn wọlé. Ìṣó ò já wáyà, ó kàn gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, iná orí ráútà sì ń ṣẹ́jú bó ṣe máa ń ṣẹ́jú, ta ló fẹ́ fura? Mo ra wáyà tuntun, mo gbà á lókè níbi tí ìṣó ò lè dé, 38 yọ lórí fóònù kan náà, lórí ṣánẹ́ẹ̀lì kan náà tí mo ti ń bú látàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè.

Látọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ọ̀nà mẹ́ta ni dátà ń rìn kó tó dé ọwọ́ wa: láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tà á dé ẹnu ráútà, inú ráútà fúnra ẹ̀, lẹ́yìn náà ojú afẹ́fẹ́ láti ráútà dé fóònù. Wáífáì wulẹ̀ jẹ́ ìkẹta ni, òun náà sì ni gbogbo wa máa ń kọ́kọ́ dì mú. Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí, mo sì ń bá àwọn tí OpenWrt ti wà lórí ráútà wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ yẹn, ètò tó ń darí ráútà ni, láti 2004 ló ti wà, inú kóòdù tí wọ́n tú sílẹ̀ fún ráútà Linksys WRT54G ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Linux ló wà lábẹ́ ẹ̀, ohun tó sì mú mi fẹ́ràn ẹ̀ ni pé kì í fi nǹkan pamọ́ fún èèyàn, tẹ́ ẹ bá ti mọ ibi tẹ́ ẹ ti máa bi í, á dá yín lóhùn.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan

Ẹ ṣí 192.168.1.1 lórí bráwúsà, LuCI, ojú ewé tá a fi ń ṣètò ráútà, máa yọ, ẹ lọ sí System, Backup / Flash Firmware, ẹ tẹ Generate archive. Fáìlì kékeré kan máa bọ́ sílẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé àti bíírò. Mi ò ṣeré o. Ohun kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ máa yí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́ ẹ kọ iye tó yọ lẹ́yìn ẹ̀, torí ẹni tó yí ṣánẹ́ẹ̀lì, tó yí width (bí ṣánẹ́ẹ̀lì ṣe fẹ̀ tó), tó tún yí DNS (ibi tí ráútà ti ń béèrè àdírẹ́sì ojú ewé) láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, tó bá yá tán kò ní mọ èyí tó ṣe é, tó bá sì burú sí i kò ní mọ èyí tó máa dá padà.

Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé SSH nìkan, ìyẹn ọ̀nà tá a fi ń tẹ àṣẹ sínú ráútà láti orí láptọ́ọ̀pù, lẹ fi máa rí i. Lórí Windows 10 sókè, Linux àti Mac, ẹ ṣí terminal, ẹ tẹ ssh root@192.168.1.1, ẹ fi pásíwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ fi ń wọ LuCI sí i. Kò le rárá.

Láti ìta dé ẹnu ráútà

Ẹ fi wáyà so láptọ́ọ̀pù mọ́ ẹ̀yìn ráútà, ẹ pa wáífáì láptọ́ọ̀pù yẹn pátápátá, èèyàn máa ń gbàgbé èyí, láptọ́ọ̀pù á wá máa gba orí wáífáì lọ lábẹ́lẹ̀, ẹ̀yin á rò pé wáyà lẹ ń wọ̀n. Ẹ bẹ àwọn ará ilé kí wọ́n dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú méjì, kẹ́ ẹ wá ṣe speed test. Ẹ ṣe é láàárọ̀, ẹ ṣe é lọ́sàn-án, ẹ tún ṣe é ní aago mẹ́jọ alẹ́.

Tó bá jẹ́ pé lórí wáyà gan-an, 25 ló yọ láàárọ̀ tó wá di 3 lálẹ́, ẹ fi ráútà sílẹ̀ jàre, kò ṣẹ̀ yín. Ọ̀nà ti kún lọ́hùn-ún ni, pàápàá tó bá jẹ́ 4G lẹ ń lò, torí gbogbo àdúgbò ló ń pín òpó kan náà, tí gbogbo Tanke bá sì ti jẹun alẹ́ tán tí kálukú na ara ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú fóònù, ẹ mọ̀ ohun tó kù. Ẹnu àwọn tó ń ta dátà dùn ju iyọ̀, ṣebí Ìlọrin náà la wà, ṣùgbọ́n ẹ bá mi tún ọ̀rọ̀ wọn gbọ́: “ó lè tó 40” ni wọ́n wí, wọn ò ní “ó máa tó 40.” Ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ò ju kẹ́ ẹ gbé mọ́dẹ́ẹ̀mù 4G sójú fèrèsé tó kọjú sí òpó, kó jìnnà sí páànù. Tó bá jẹ́ mọ́dẹ́ẹ̀mù kékeré tó ń wọ ojú USB ráútà, tí ojú USB yẹn sì jẹ́ 3.0, ẹ fi wáyà USB fà á jìnnà sí ráútà díẹ̀, torí USB 3.0 máa ń pariwo sórí 2.4 GHz, ọ̀kan nínú ojú afẹ́fẹ́ tí wáífáì ń lò, wáífáì yín ló ń jìyà ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ nọ́ńbà tí kì í yẹ̀. Nẹ́tíwọ̀kì tó kún máa ń gòkè, ó máa ń sọ̀ kalẹ̀. Èyí tó bá dúró sójú kan láàárọ̀ lálẹ́, bóyá 8 tàbí 9 ni kò kọjá, tàbí 94 nígbà tó jẹ́ 200 lẹ sanwó fún, wáyà ni kẹ́ ẹ fura sí. Wáyà tó já nínú lè mú kí ojú méjèèjì gbà láti máa rìn ní 10 tàbí 100, 94 yẹn sì ni 100 tí wọ́n ti yọ owó ọkọ̀ kúrò nínú ẹ̀. Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú okùn kan, gígábíìtì fẹ́ kí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pé, 100 ò fẹ́ ju mẹ́rin lọ, nítorí náà tí ọ̀kan bá já nínú mẹ́rin yòókù, ẹ ò ní rí i pé nǹkankan bàjẹ́, ó kàn máa rẹlẹ̀ ni. Ẹ bi ráútà:

dmesg | grep -i link

Tó bá jẹ́ ráútà àtijọ́ tí switch inú ẹ̀ ò fi ara hàn níbẹ̀, ẹ lo èyí:

swconfig dev switch0 show | grep link

Inú ráútà

Ẹ kọ́kọ́ wo Uptime lójú ewé Status. Tó bá kọ ogún ìṣẹ́jú nígbà tí kò sẹ́ni tó pa á, ráútà yín ń kú ó ń jí láìsọ fún yín. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ṣájà ni mo máa ń kọ́kọ́ pààrọ̀. Iná tó ń lọ sókè lọ sódò máa ń jẹ ṣájà díẹ̀díẹ̀, ó máa ń gbé ráútà dìde, àmọ́ tí èèyàn márùn-ún bá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà tí ráútà fẹ́ agbára sí i, ó ti subú nìyẹn. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ráútà, 12V ni àbí 9V, ampere mélòó, kẹ́ ẹ ra èyí tó bá a mu. Ẹ má fi 9V sí èyí tó ní òun ń fẹ́ 12V torí pé ẹnu ẹ̀ wọlé.

Tó bá jẹ́ pé ṣájà dáa, ẹ wo RAM. Ẹ tẹ free lórí SSH, á sọ iye tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní Gáà Àkànbí fi adblock tó ń dí ìpolówó sórí ráútà tí RAM ẹ̀ ò ju 32MB lọ, ó kó àkójọ orúkọ tó gùn bí ọ̀nà Ọ̀fà sínú ẹ̀, ráútà wá ń dákú lójoojúmọ́, wọ́n ní ooru ló ń mú un. Wọ́n gbé fáànù tì í! Ẹ má gbàgbé pé àkọsílẹ̀ tí logread ń fi hàn máa ń nù tí ráútà bá kú torí inú RAM kan náà ló wà, nítorí náà ẹ ṣí logread -f sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ọ títí tó fi máa subú. Nígbà tá a ṣe bẹ́ẹ̀, “Out of memory” ló kígbe kẹ́yìn. A yọ adblock, a dá fáànù padà sí pálọ̀. Ráútà tí flash ẹ̀ (ibi tó ń tọ́jú ètò sí) jẹ́ 4MB tí RAM sì jẹ́ 32MB, àwọn tó ń ṣe OpenWrt gan-an ti ní ká má lò ó mọ́, 8MB àti 64MB náà ti ń há.

CPU ńkọ́? Ẹ ṣí top lórí SSH, kẹ́ ẹ máa ṣe speed test lọ́wọ́. Tí idle (àkókò tí CPU fi ń sinmi) bá já sí 0% tí sirq (iṣẹ́ gbígbé dátà) sì ga, ráútà ò lè sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ń mí hẹlẹ. Ẹ lọ sí Network, Firewall, ẹ tan Software flow offloading tó ń gé ọ̀nà kúrú fún dátà nínú ráútà, ọ̀pọ̀ ìgbà á fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fi èyí sọ́kàn: offloading àti SQM tí mo fẹ́ sọ báyìí kì í gbé pọ̀, ọ̀kan lẹ máa mú.

Àmì DNS yàtọ̀. Ewé á funfun lójú yín fún ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́rin, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ á já wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, fíìmù tẹ́ ẹ ń gbà sílẹ̀ sì ń sáré dáadáa. Ẹ lọ sí Network, Interfaces, WAN, Advanced Settings, ẹ yọ àmì kúrò níwájú Use DNS servers advertised by peer, ẹ kọ 1.1.1.1 àti 8.8.8.8 síbẹ̀. Ó parí.

Speed test dáa, ìpè WhatsApp ń já

Èyí ni mo rí jù láwọn ilé tí wọ́n ń pè mí sí, ó sì ń tan èèyàn jẹ torí nọ́ńbà dáa. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá ti ń fi fídíò ìgbéyàwó ránṣẹ́ sókè, gbogbo ilé á dákẹ́, ẹni tó ń bá ọmọ ẹ̀ ní Jámánì sọ̀rọ̀ á máa pe “ṣé ẹ ń gbọ́ mi?” Ẹ dán an wò fúnra yín, ẹ ṣí ping 8.8.8.8 sílẹ̀ lórí terminal (lórí Windows, ẹ fi -t kún un kó má dúró), kẹ́ ẹ wá fi fáìlì ńlá kan ránṣẹ́ sókè. Tí àkókò ìdáhùn bá fò láti 45 ms di 900, bufferbloat ni wọ́n ń pè é. Mọ́dẹ́ẹ̀mù ló ń to ẹrù jọ sẹ́nu ọ̀nà ju bí ọ̀nà ṣe lè gbé e lọ, ọ̀rọ̀ kékeré inú ìpè yín á wá tò sẹ́yìn fídíò bí ọ̀kadà tó há sẹ́yìn tírélà lórí afárá tóóró, kò sí ìgbà tí ọ̀kadà yẹn ò ní pẹ́, ìbáà jẹ́ pé ìwé péńpé ló ń gbé.

SQM, ètò tó ń to dátà sí ìlà kó má há, ló ń yanjú ẹ̀. Títí dé ẹ̀yà 24.10:

opkg update
opkg install luci-app-sqm

Àwọn ẹ̀yà tó tuntun ju ìyẹn lọ ti ń lo apk, ẹ tẹ apk update, lẹ́yìn náà apk add luci-app-sqm. Ẹ tún LuCI ṣí, ẹ lọ sí Network, SQM QoS, ẹ mú interface tó kọjú síta, ẹ mú cake àti piece_of_cake.qos. Ibi tí èèyàn ti ń ṣì í ni nọ́ńbà: kbit/s ni wọ́n fẹ́, kì í ṣe Mbps, 1000 kbit/s ló sì jẹ́ 1 Mbps. Tí speed test orí wáyà bá jẹ́ 20 Mbps sísàlẹ̀ àti 6 sókè, ẹ mú bíi 85 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ kọ 17000 àti 5100. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ń yọ̀ǹda díẹ̀ nínú ohun tẹ́ ẹ sanwó fún, ó máa ń dun èèyàn, èmi náà dùn mí, àmọ́ tẹ́ ẹ bá kọ 20000 gan-an, mọ́dẹ́ẹ̀mù ló ṣì máa ń to ẹrù yẹn, SQM ò ní rí nǹkankan tò. Tó bá jẹ́ 4G, nọ́ńbà aago mẹ́jọ alẹ́ tẹ́ ẹ kọ sínú ìwé lẹ máa fi ṣírò, ẹ fi ti àárọ̀ sílẹ̀. Ẹ tún ping ṣe. Ní ilé kan ní Adéwọlé, 870 bọ́ sí 60, ìyá ilé ò mọ ohun tí mo ṣe, wọ́n kàn ní ìpè òde òní mọ́ ju ti àná lọ.

Ojú afẹ́fẹ́

Ìgbà yìí la tó dé orí wáífáì. Ẹ má fi speed test wọ̀n ọ́n mọ́, iperf3, ètò tó ń wọn eré dátà láàárín ẹ̀rọ méjì, ni kẹ́ ẹ lò, torí inú ilé ló ń ṣe tiẹ̀, kì í jẹ dátà yín rárá, ẹ lè ṣe é nígbà ọgọ́rùn-ún. Láptọ́ọ̀pù tó wà lórí wáyà, ẹ tẹ iperf3 -s. Láptọ́ọ̀pù kejì tó wà lórí wáífáì, ẹ tẹ iperf3 -c pẹ̀lú àdírẹ́sì ti àkọ́kọ́ àti -R níparí. Ẹ má fi ráútà fúnra ẹ̀ ṣe ìkan nínú méjèèjì, CPU ẹ̀ kéré, á parọ́ fún yín. Ẹ ṣe é ní ìṣísẹ̀ méjì sí ráútà, ẹ tún ṣe é ní yàrá tí wáífáì ò ti dáa. Tó bá dáa nítòsí tó bàjẹ́ lókèèrè, ọ̀rọ̀ ògiri àti ibi tẹ́ ẹ gbé e sí ni. Tó bá bàjẹ́ níbi méjèèjì, ọ̀rọ̀ sẹ́tíǹgì, ṣánẹ́ẹ̀lì tàbí dráífà (ètò tó ń darí ṣípù wáífáì) ni.

Ẹ wá tẹ iwinfo láti rí orúkọ wáífáì yín, lórí ẹ̀yà tuntun phy0-ap0 ni, ti àtijọ́ máa ń jẹ́ wlan0, kẹ́ ẹ wá tẹ:

iwinfo phy0-ap0 assoclist

Gbogbo fóònù tó wà lórí ẹ̀ ló máa tò. Nọ́ńbà dBm tó ń sọ bí wáífáì ṣe lágbára tó ni kẹ́ ẹ wò, -50 dáa gan-an, -67 ṣì ń gbéṣẹ́, láti -75 lọ sísàlẹ̀ ìyà ti dé. Mo rí fóònù kan báyìí rí, -81 ni, TX ẹ̀ (eré tí ráútà fi ń bá a sọ̀rọ̀) 6.5 MBit/s, ti ọmọ onílé tó ń jókòó sídìí gáréèjì lẹ́yìnkùlé. Fóònù kan ṣoṣo yẹn tó láti fa gbogbo ilé sẹ́yìn, torí kálukú ló ń dúró de ara wọn lójú afẹ́fẹ́, ó dà bí ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì ẹlẹ́nu tóóró wá sídìí ẹ̀rọ omi, omi díẹ̀ ló fẹ́, àmọ́ ìlà ò ní sún.

Ibi tí ráútà wà: ẹ gbé e sókè, àárín ilé, kó má wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, kó má wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fírìjì tàbí ilẹ̀kùn irin. Ògiri amọ̀ àwọn agbo ilé àtijọ́ nípọn, wáífáì 5 GHz kì í fi bẹ́ẹ̀ gba inú ẹ̀ kọjá, ẹ ṣe wáyà gba òkè àjà lọ sí ìyẹ̀wù kejì kẹ́ ẹ gbé ráútà kejì síbẹ̀, ó sàn ju kẹ́ ẹ máa fi Transmit power jà lọ. Páwọ̀ yẹn gan-an, ẹ fi sílẹ̀. Tí ráútà bá pariwo dé ọ̀dọ̀ fóònù, ṣé fóònù náà á lè pariwo padà? Ẹ ó rí ìlà márùn-ún tó kún, ojú ewé ò sì ní ṣí.

Ṣánẹ́ẹ̀lì wá kàn. Ẹ ṣí Status, Channel Analysis. Ní họ́sítẹ̀lì kan lọ́nà Òkè-Odò, wáífáì mẹ́tàlélógún ni mo kà lórí 2.4 GHz, àwọn kan ti gbọ́n ju, wọ́n mú 3, wọ́n mú 4, wọ́n mú 8, wọ́n rò pé ibẹ̀ ṣófo. Kò ṣófo. Ẹni tó bá wà lórí 6 pẹ̀lú yín ń gbọ́ yín, ẹ ó jọ máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara yín lọ́kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ẹni tó wà lórí 4, ariwo lásán ló jẹ́ sí ẹni tó wà lórí 1 àti sí ẹni tó wà lórí 6. Nítorí náà 1, 6 àbí 11, èyí tó bá fúyẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, width ẹ̀ sì jẹ́ 20 MHz. Ẹ má gbé 40 síbẹ̀ ní Tanke, ẹ kàn máa gba ibùsùn méjì nínú yàrá tí èèyàn ń sùn sílẹ̀ ni.

Gbogbo fóònù tó bá lè gbé 5 GHz, ẹ kó wọn lọ síbẹ̀. Ẹ lọ sí Wireless, Edit, Advanced Settings, ẹ mú NG fún Country Code lórí rédíò méjèèjì, torí tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìmú, ọ̀pọ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì 5 GHz ò ní ṣí. 149 ni mo máa ń mú, width 80 MHz. Tẹ́ ẹ bá mú láàárín 52 sí 64, ráútà gbọ́dọ̀ tẹ́tí fún ìṣẹ́jú kan bóyá rédà wà níbẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ti tún ráútà tàn nígbà mẹ́wàá torí pé wọn ò ní sùúrù ìṣẹ́jú kan yẹn.

Nínú ojú ewé kan náà, ẹ rí i pé Allow legacy 802.11b rates (eré wáífáì àtijọ́) ò ní àmì. Ní Wireless Security, WPA2-PSK pẹ̀lú CCMP tàbí WPA3, TKIP, ọ̀nà ìdáàbòbò àtijọ́, kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀, torí tó bá wà, wáífáì ò ní kọjá 54 Mbps bó ti wù kí ráútà yín wọ́n tó.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo ẹ̀ tí iperf3 ṣì ń rá ní ìṣísẹ̀ méjì, ẹ wo ṣípù inú ráútà nínú Table of Hardware OpenWrt. Ṣípù MediaTek tó ń lo mt76 àti Atheros tó ń lo ath9k dáa. Ọ̀pọ̀ wáífáì Broadcom ni dráífà tó ṣí sílẹ̀ ò ní agbára lórí ẹ̀, kò sí sẹ́tíǹgì tó máa wò ó sàn, ẹ fi ṣe ráútà orí wáyà, kẹ́ ẹ wá òmíràn fún wáífáì.

Èyí tó kù ni kẹ́ ẹ gbé ẹ̀yà tuntun sórí ẹ̀, kẹ́ ẹ yọ àmì Keep settings, torí sẹ́tíǹgì tó ti kó jọ láti ẹ̀yà mẹ́ta sẹ́yìn lè jẹ́ ìdí ẹ̀ gan-an. Ẹ má sáré da archive ọjọ́sí padà sínú ẹ̀, inú ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ ti máa dá a padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Tó bá tàn tán tẹ́ ẹ ò rí wáífáì kankan, ẹ má jẹ́ kí àyà yín já, OpenWrt tuntun máa ń pa wáífáì fúnra ẹ̀ ni, ẹ fi wáyà wọlé, Network, Wireless, ẹ tẹ Enable.